Kí Ni Ọkọ̀ Ojú Omi Ń Wá ní Ọ̀fà?

Ìyá àgbà kan ń ti ọjà Ọ̀wọ́dé bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, igbá ànàmọ́ lórí rẹ̀. Ó dé iwájú ilé mi, ó dúró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé odò Ọ̀yún ń bọ̀ wá bá yín nílé ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Màámi. Jẹ́bà ló ń lọ."

Ó wo ọkọ̀ tó wà níbi tí mo máa ń gbé mọ́tò mi sí, ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kó tètè lọ kí adìyẹ tó yé sínú rẹ̀."

Ìkìlọ̀ rẹ̀ pẹ́ dé. Adìyẹ ti yé ẹyin mẹ́rin síbẹ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Àna mi kan tó ń pẹja lókè ìsédò Jẹ́bà ló ni ín. Ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo ẹni tí àna mi fi hàn ló ń sọ fún un pé kó jù ú nù, kó ra tuntun. Èmi ni mo ní kó gbé e wá. Ní àdúgbò wa níbí, ọ̀gá kan wà tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà bọ́ọ̀sì ṣe láti ọdún pípẹ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé fáíbà kò mọ̀ bóyá ojú títì lòun ń lọ tàbí ojú omi.

Èèkù òòlù nìkan ni ọ̀gá náà mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ń fi kan ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú wá sẹ́yìn. Kó, kó, kó. Nígbà tó kan ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, ohùn yí padà: bù, bù, bù. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀dà búlúù tí àna mi kùn sí i ṣì ń dán níbẹ̀ bí ojú ìyàwó tuntun. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá fi ẹ̀rọ gé awọ fáíbà náà, omi dúdú ṣàn jáde, pláíwúùdù tó wà láàárín sì ń já lọ́wọ́ wa bí ẹ̀bà àná. Ihò nọ́ọ̀tì kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò dí dáadáa ló gba omi wọlé.

Fáíbà fúnra rẹ̀ kì í jẹrà bí igi. Fọ́nrán gíláàsì ni, tí wọ́n fi résìn lẹ̀ pọ̀ títí tó fi le. Ray Greene, ará Toledo ní Amẹ́ríkà, ti fi irú rẹ̀ kan ọkọ̀ ní 1942, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti dàgbà ju èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lọ sì ṣì wà lójú omi. Igi tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kó lè lágbára ló ń jẹrà. Bí omi bá ti dé ìdí igi náà, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Lóde, ọkọ̀ ń dán. Nínú, ó ti kú.

Iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ká kàn fi pọ́tì dí ihò. Gbogbo igi tó ti jẹrà la gé kúrò. A jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí résìn kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù. Lẹ́yìn náà la tó gbé pláíwúùdù tuntun sí i, tí a fi résìn bò ó tinú tòde. Ibi tí ara ọkọ̀ gbé là, etí rẹ̀ la kọ́kọ́ fá lọ salalu: bí awọ ọkọ̀ bá nípọn tó mìlímítà 5, ó yẹ ká fá etí náà tó mìlímítà 60 yíká, kí fáíbà tuntun lè rí ibi di ògbólógbòó mú. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán ṣe é yóò yún ara títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ẹni tí kò bá sì bo imú yóò fa gíláàsì sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Oògùn tó ń mú résìn gan náà tún lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Nínú lítà résìn kan, mìlílítà 10 sí 20 ni wọ́n ń bù sí i. Ọmọ iṣẹ́ fojú díwọ̀n tirẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn oṣù kẹta. Kó tó na búrọ́ọ̀ṣì, ike ti ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀, résìn inú rẹ̀ ti di òkúta. Èmi ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín: owó ló jóná yẹn. Láti ọjọ́ náà, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù la ti ń parí iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa bi mí pé kí ló kàn wá ní Ọ̀fà nínú ọ̀rọ̀ odò. Ẹ jẹ́ ká rántí pé Odò Ọya ni ààlà ìpínlẹ̀ Kwara lápá òkè. Ojú irin tó gba àárín ìlú wa kọjá, Jẹ́bà ló ti ń sọdá odò náà. Ní Jẹ́bà yìí kan náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ni ọkọ̀ onísítíìmù Dayspring ti forí sọ àpáta abẹ́ omi. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n yọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lọ mọ́. Glover, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún, tó sì padà wá ṣe olórí ìjọba Èkó, orí ilẹ̀ ló gbà láti ibẹ̀ dé Èkó.

Àwọn ti Pátígi kò yọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n ń ti ìgbéyàwó bọ̀ lóru láti abúlé Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, àwọn tó gun ọ̀kadà lọ wá bá àwọn yòókù wọ ọkọ̀ onígi kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi tó wà lábẹ́ omi, ó là sí méjì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní Ebu àti Dzakan, tó wà lára àwọn abúlé wọn, àwọn agbo ilé kan sin ju òkú kan lọ.

N kò ní parọ́ fún yín pé fáíbà ì bá gbà wọ́n là. Ọkọ̀ tó bá gba èrò kọjá agbára, tó ń rìn lóru láìsí ẹ̀wù amúniléfòó, ì báà jẹ́ wúrà, yóò rì. N kò sì ní bú àwọn Tápà tó ń gbẹ́ ọkọ̀ onígi. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló gbé odò náà ró láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àjọ NIWA tó ń rí sí ọ̀nà omi, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ti fòfin de ìrìn òru. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kan ẹ̀yìn ọkọ̀ kó gbọ́ bóyá ó ń dún kó tàbí bù. Ènìyàn ló ń ṣe é.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà. Àwa fẹ́ràn kí gómìnà gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ọkọ̀ tuntun, ká pàtẹ́wọ́, ká ya fọ́tò. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mumi, kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́. A ní àwọn ọ̀gá tó ń lo fáíbà ní Ọ̀fà. A ní Pọlitẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ láti 1992, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nímọ̀ ẹ̀rọ. Kí ló ní kí àwọn méjèèjì má pàdé lábẹ́ òrùlé kan, kí wọ́n máa tún ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣe fún Jẹ́bà, Pátígi àti Lafiagi, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọmọ etí odò níṣẹ́ náà? Ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò rẹ̀ kò yẹ kó sá fún iṣẹ́ tó le.

Ọkọ̀ àna mi kò tí ì délé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ Evinrude, àwọn tó ń ṣe é sì ti dáwọ́ dúró láti 2020. Yamaha táwọn ará odò mọ̀ la ó so mọ́ ọn. Kó tó lọ, n ó fi èèkù òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ọkọ̀ fún wa ní Ìlọrin: ẹ kàn án lára kẹ́ ẹ tó kùn ún lọ́dà.