Irọ́ Ni Pé i7 Ju i5 Lọ Nígbà Gbogbo

Kò sí ìgbàgbọ́ kan tí ó ta gbòǹgbò láàárín àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní ilẹ̀ wa tó èyí tí ó sọ pé ẹ̀rọ tí a lẹ i7 mọ́ lára sàn ju èyí tí a lẹ i5 mọ́ lọ, ọdún yòówù kí a ti ṣe é, ibi yòówù kí ó ti wá. Bàbá tí ó ta kòkó kí ọmọ rẹ̀ lè rí ẹ̀rọ lò ní yunifásítì gbà á gbọ́; akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ gbà á gbọ́; àní olùkọ́ tí ó yẹ kí ó tọ́ àwọn wọ̀nyí sọ́nà, òun náà a máa wí i láìkọsẹ̀. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ti ná àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n ní ohun tí apá wọn kò ká. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà dé ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, níbi tí òpópónà Otigba ti kún fún ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò kí wọ́n tó fi ṣọwọ́ sí wa, ènìyàn lè bá EliteBook ti HP méjì lórí tábìlì kan náà: ọ̀kan ni 840 G4 tí ọpọlọ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní processor, jẹ́ i7-7600U, èkejì ni 840 G5 tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ i5-8250U. Àwọ̀ fàdákà ni àwọn méjèèjì ní, ojú wọn kò ju íǹṣì 14 lọ, iye owó wọn a sì máa súnmọ́ra. Ọlọ́jà yóò ti G4 síwájú, yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, i7 mà rèé; i5 lásán nìyẹn,” oníbàárà yóò sì kówó lélẹ̀ láìbi ìbéèrè kejì.

Nígbà tí Intel gbé Core i7 jáde ní ìparí ọdún 2008, tí i5 tẹ̀ lé e ní 2009, tí i3 sì dé ní 2010, ohun tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ń sọ kò ju ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà lọ. Gẹ́gẹ́ bí mógàjí agboolé kan ní Ìbàdàn kò ti lè lọ pàṣẹ nínú agboolé ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni i7 ìran keje kò ní àṣẹ kankan lórí i5 ìran kẹjọ. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé àmì kékeré tí ó wà láàárín ni ó ń sọ ìran fún wa: 7 nínú 7600, 8 nínú 8250, 10 nínú 10210. Èyí tí ọlọ́jà ń pariwo ni nọ́ńbà tí kò tó nǹkan. Èyí tí ó dákẹ́ lé lórí ni ó ni ọ̀rọ̀.

Láàárín ìran keje àti ìkẹjọ gan-an ni àyípadà ńlá dé bá àwọn ọpọlọ tí a ń fi sínú irú ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí, ní ọdún 2017. Títí di ìgbà náà, i5 ni o, i7 ni o, bí U bá ti wà ní ìdí orúkọ rẹ̀, core méjì péré ni ó sábà máa ń ní, core sì ni ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò gan-an nínú ọpọlọ náà. Core méjì ni i7-7600U ní. Core mẹ́rin ni i5-8250U ní, ìlọ́po méjì, wáàtì 15 kan náà ni a sì ṣírò fún àwọn méjèèjì. Ìrántí kékeré tí ó wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀ jẹ́ MB 4 lára i7 yẹn, ó sì jẹ́ MB 6 lára i5 yìí. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ọlọ́jà tí ó gbọ́n díẹ̀ yóò wá fi gigahertz dá wa lóhùn, yóò ní 2.8 ni i7 náà, 1.6 sì ni i5. Ìwọ̀n ìpìlẹ̀ ni ó ń kà yẹn. Bí iṣẹ́ bá dé, i5 náà a máa gòkè dé 3.4. N kò ní fi òtítọ́ pamọ́: i7-7600U a máa gòkè dé 3.9, bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a gbé lé e lọ́wọ́, ó lè ṣíwájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kù tí ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí Chrome, Word, WhatsApp àti ìpàdé Zoom jọ ń gbé ojú rẹ̀ pọ̀?

Bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ jẹ́ ìran kan náà ńkọ́? i7-8550U ní core mẹ́rin; i5-8250U ní core mẹ́rin. Ẹni tí ń tẹ ìwé tàbí tí ń ṣírò owó ìsọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni owó tí a fi lé i5 kí ó tó di i7 lè ra RAM kún un láti GB 8 dé 16, èyí tí yóò mọ̀ lára lọ́jọ́ kìíní.

Ní tòótọ́, ohun tí ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀ rárá. Hard disk ni, ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Àwo ni ó wà nínú rẹ̀ tí ń yí, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan lára ọ̀pọ̀ jù lọ, ẹ̀yà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gbọdọ̀ rìn kiri lórí àwo náà kí ó tó rí ohun tí a béèrè. Iye tí ó lè kà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò sábà ju bí MB 100 lọ. SSD, tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò ní ohun tí ń yí. Èyí tí ó lọ́ra nínú wọn pàápàá sábà máa ń ka nǹkan bí MB 500 láàárín àkókò kan náà, kò sì sí pé ó ń wá nǹkan kiri kí ó tó kà á. i7 tí a so mọ́ hard disk yóò jókòó, yóò máa dúró de hard disk, olówó rẹ̀ yóò sì máa bínú sí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀, tí ó ń tan án kí ó tó lọ wẹ̀ kí ó lè bá a ní títàn nígbà tí ó bá dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí ohun tí ó san fún orúkọ i7 ì bá ti ra i5 àti SSD fún un.

Ọ̀ràn Windows tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 ni ó kù, ìran kẹjọ ti Intel sókè ni wọ́n sì gbà fún un, bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀. i5-8250U wọlé, i7-7600U kò wọlé. Àwọn kan mọ bí a ti ń fi ọgbọ́n gbé e lé ẹ̀rọ tí kò yẹ, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni n kò ṣe gba ti ẹni tí ó wí pé òun yóò ra i7 nítorí àtità lẹ́yìn-ọ̀la: ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà yóò béèrè Windows 11.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tijú nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Kí ẹ tó ka owó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, kí ẹ ka orúkọ ọpọlọ, iye core, iye RAM, àti bóyá SSD ni ó wà níbẹ̀, ní abẹ́ Performance. Ẹ béèrè bóyá ó ní àyè tí a lè fi RAM kún, nítorí àwọn pẹlẹbẹ bí ThinkPad X1 Carbon, a ti jó RAM wọn mọ́ pátákó inú wọn. Níwọ̀n bí iná kò ti dúró ní ilẹ̀ wa, ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt: bí ó bá kọ 50,000 sí iwájú Design Capacity, tí ó sì kọ 20,000 sí iwájú Full Charge Capacity, ìdá méjì nínú márùn-ún ni ó kù nínú bátìrì náà, kí ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú ohun tí ẹ ó san. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ kọjá sí ìsọ̀ mìíràn. Bí G4 oní-i7 àti G5 oní-i5 bá sì jọ wà níwájú yín, tí RAM, SSD àti bátìrì wọn dọ́gba, G5 ni kí ẹ rà.