Kíkú, Ìdákú àti Gígan: Ipò Ọ̀rọ̀-Ìṣe nínú Ìwádìí Àìsàn Kọ̀ǹpútà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá kò ṣàìmọ òwe yìí. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá kan kọ̀ǹpútà, orúkọ ohun-èlò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, àti ohun tí ń ṣe ẹ̀rọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ káàdì àwòrán yẹ̀ wò, èyí tí ń ṣe ìṣirò àwòrán tí ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ sí ní 1990, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ àyàwòrán-ilé lè ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ó sì fi káàdì tí ó lágbára rọ́pò ti àtijọ́. Bí kọ̀ǹpútà náà bá wá ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí yóò sọ fún ẹni tí ń tún un ṣe ni pé ó ti bàjẹ́. Gbólóhùn yìí kò tọ́ka sí ibì kankan. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi lè ju káàdì tí ó pé nù, kí wọ́n sì tún náwó sórí òmíràn tí yóò ṣe bákan náà.

Oníṣègùn kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ara ọmọ kò yá, yóò bèèrè bóyá ó dákú ni, tàbí gìrì mú un, tàbí ara rẹ̀ gan. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Èkíní ni kú. Kọ̀ǹpútà kú bí ó bá pa lójijì láìfi àmì kankan hàn. Iná ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ojú-ihò PCI Express tí a ń ki káàdì bọ̀ kò lè fún un ní ju 75 wáàtì lọ. Okùn láti inú àpótí iná kọ̀ǹpútà ni yóò gbé ìyókù wá. GeForce RTX 3080, tí ó jáde ní 2020, ń fẹ́ 320 wáàtì fún ara rẹ̀ nìkan, NVIDIA sì dámọ̀ràn àpótí 750 wáàtì fún un. Àpótí inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò tó 300. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ara ẹ̀rọ bá gbóná ni ó tó ń kú, eruku ọyẹ́ tí ó dí fáànù ni kí a wò.

Èkejì ni dákú. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì jí padà. Bí káàdì kò bá dá Windows lóhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, Windows a máa tún káàdì náà àti ètò tí ń bá a sọ̀rọ̀ gbé dìde. Orúkọ ẹni tí ń wa ọkọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fún ètò yìí, ṣùgbọ́n bí atúmọ̀ bá pè é ní awakọ̀, ó ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí kò wa ohunkóhun. Ògbufọ̀ ni ó yẹ ẹ́: ó ń gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ọ́ ní èdè káàdì. Orúkọ yìí tọ́ka sí ìwòsàn pẹ̀lú: kí a yọ ògbufọ̀ káàdì àtijọ́ kúrò kí ti tuntun tó dé.

Ẹ̀kẹta ni gan. Àwòrán dúró sójú kan, bọ́tìnì kò dáhùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iná ń tàn, fáànù sì ń yí. Èyí ni ó ṣòro jù, nítorí ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ ògbufọ̀, ó sì lè jẹ́ káàdì fúnra rẹ̀. Kí a dá káàdì àtijọ́ padà: bí ẹ̀rọ bá ṣì ń gan, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ó yẹ kí a wá àléébù náà sí.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun ẹlẹ́mìí ni kú àti dákú wà fún. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ń sọ pé iná kú, pé aago kú, láìsí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀rọ̀-àyálò bíi háńgì ti tó. Ó tó fún ẹni tí ó ti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ní láti tún un ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè yìí ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ: àpètúnpè sọ kú di kíkú, ó sọ gan di gígan, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sì sọ dákú di ìdákú. Orúkọ kì í bí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Ẹni tí ó bá kó orúkọ nìkan jọ kò tíì ní ohun tí yóò fi ṣe ìwádìí.

Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ohun tí ó kù ni kí àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ jókòó ti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe àìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ ṣáájú orúkọ.