Ẹ Fagi Lé Òfin 1978 Lónìí, Àgbàrá Á Ṣì Wọlé Lọ́la

Kò sí ìpàdé ọmọ ìbílẹ̀, kò sí ètò rédíò kan tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ kò ní gbọ́ ọ: "Òfin Ìlò Ilẹ̀ ló bà wá jẹ́. Àwọn ológun ló gba ilẹ̀ baba wa lọ́dún 1978. Kí wọ́n fagi lé e, kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí, gbogbo ẹ̀ á tò." Agbẹjọ́rò ń sọ ọ́, ọba ń sọ ọ́, awakọ̀ dáńfó ń sọ ọ́. Ó ti wá dà bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í béèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́.

Èmi ò gbà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbèjà òfin náà. Ẹ̀bi rẹ̀ kò kéré. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni wọ́n gbé e jáde, abala kìíní rẹ̀ sì kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Abala 22 ní ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ tà, kò gbọdọ̀ fi yáwó, àfi bí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti wá ìfọwọ́sí yẹn rí mọ ohun tí ojú òun rí. Abala 29 ló burú jù lójú tèmi: bí ìjọba bá gba oko yín, wọ́n á san owó igi kòkó, wọ́n á san owó ilé, ṣùgbọ́n ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju kí wọ́n dá owó ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún yẹn padà. Ìrẹ́jẹ ni. Kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tilẹ̀ ya á dànù bí agbára wọn bá ká a. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ni èrò tó fara pamọ́ sábẹ́ ariwo náà: pé bí a bá ti mọ ẹni tó ni ilẹ̀, a ti mọ ohun tó yẹ ká fi ilẹ̀ ṣe.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn lọ. Ọdún méjì péré ni òfin náà nígbà yẹn. Ṣé òfin ọmọ ọdún méjì ló kọ́ gbogbo ilé tó wà létí odò? Ògùnpa ti kún lọ́dún 1960, ó kún lọ́dún 1963. Láyé tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí pátápátá, tí mọ́gàjí ń tà á, tí gómìnà kankan kò dá sí i, ni wọ́n ti gé bèbè odò náà sí pulọ́ọ̀tì. Ìjọba da kọnkéré sójú ọ̀nà omi nígbà tó yá. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò kan tún rọ̀ ní Ìbàdàn yìí kan náà, èèyàn tó kú lé ní 100.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ágẹ́ǹtì lọ wo ilẹ̀ rí á mọ̀. Oṣù Kejì ni wọ́n máa ń múni lọ, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ ilẹ̀ gbáú, tí odò ti di ìṣàn tóóró tí ọmọdé lè fò kọjá. Ọmọ onílẹ̀ á nawọ́: "Láti ibí dé ìdí ọ̀pẹ yẹn." Ẹni tí ojú rẹ̀ bá là á rí i pé kókò ló ń hù níbẹ̀, á rí ìlà ẹrẹ̀ lára fẹ́ǹsì aládùúgbò, ìlà náà á sì ga dé orúnkún. Ágẹ́ǹtì á ní ẹrẹ̀ tí mọ́tò ta sí i ni. Sọ́féyọ̀ á dé, á ri pílà mẹ́rin mọ́lẹ̀, á ya odò sínú pláànù, méjì nínú pílà náà á sì wà ní bèbè odò gan-an. Sọ́féyọ̀ ò purọ́ o. Ohun tí wọ́n bi í ni bí ilẹ̀ náà ṣe tó àti ẹni tó bá a pààlà. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó yẹ kí ọmọ aráyé sùn níbẹ̀. Ẹbí á kọ rìsíìtì, wọ́n á gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n á tún gba owó dẹ́kìn. Olùrà tó bá lówó á lọ gba C of O, ìwé àṣẹ gómìnà, lé e, bí ẹni pé omi máa ń ka ìwé.

Ẹ sì kíyè sí i: ẹbí ló tà á. Òfin tí ẹ ní ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kò dá ẹbí dúró láti tà á fún ọdún tó lé ní ogójì. Kí ló wá fẹ́ yàtọ̀ nígbà tí a bá fagi lé e? Rìsíìtì kan náà ni, bèbè odò kan náà ni.

Ẹlòmíì á ní, ó dáa, kí ìjọba gbà á tán pátápátá nígbà náà. Ẹ lọ wo Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó ìjọba ni láti ọdún 1925, kì í ṣe ti ẹbí kankan. UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dáàbò bò lọ́dún 1977. Lórí ìwé, ó lé ní 130,000 hẹ́kítà. Erin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló gé apá kan igbó àtayébáyé náà lulẹ̀, tó gbin gmelina sí i nítorí ilé iṣẹ́ bébà ní Ìwópin, ilé iṣẹ́ tí kò ṣe bébà débi kan. Ẹni tó bá gba abúlé J4 wọ igbó náà lónìí á pàdé oko kòkó àti ọkọ̀ agégẹdú nínú ibi tí ìwé pè ní igbó àìgbọdọ̀gé. Mi ò bú àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ilẹ̀ míì dá oko sí. Ẹni tó ni ilẹ̀ yìí, ìyẹn ìjọba, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí igbó parí sí àti ibi tí oko ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń gé e. Ẹbí ló ni ín ní Ògùnpa, ó bàjẹ́. Ìjọba ló ni ín ní Ọmọ, ó bàjẹ́.

Àwọn ará Gánà wá ńkọ́? Ológun kankan kò kó ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọba, ìjòyè àti ẹbí ni nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn wà títí dòní, ohun tí ẹ̀yin ń tọrọ gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, omi bo oríta Circle ní Accra, àwọn èèyàn sá sábẹ́ ilé epo kan, iná sọ, èèyàn tó kú lé ní 150. Lọ́dún kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin lórí ìlò ilẹ̀ àti ètò ìlú. Wọn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba kankan. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí orílẹ̀-èdè ní ètò, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ètò, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tó bá ti òkè mu. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e tó, ẹjọ́ ọjọ́ míì ni. Wọ́n kúkú mọ ibi tí àrùn wà. Àwa fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ẹjọ́ ta ló ni ín yìí, àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n jà ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́dún 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lọ́dún 1921, àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ akin ni, mi ò ní yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ibo ni ilẹ̀ náà wà? Àpápá ni. Àpápá tí àgbá epo ràgàjì-ràgàjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ibi tí èèyàn ń sùn, tí tírélà tò sórí afárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí oníṣòwò ti kó ẹrù kúrò, tí onílé ti ń wá ayálégbé títí. A ti dáhùn ìbéèrè ẹni tó ni Àpápá ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Iye tírélà tí ọ̀nà rẹ̀ lè gbà, àti bí ó ṣe yẹ kí àgbá epo jìnnà sí ibùsùn tó, kò sẹ́ni tó bá ọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bá gómìnà sọ ọ́.

Àtakò kan wà tí mi ò ní fọwọ́ gbá dànù, torí inú òótọ́ ló ti wá. Wọ́n ní "ètò ìlú" ni orúkọ tí ìjọba fi ń ja tálákà lólè. Màrókò ni wọ́n ń sọ. Lóṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje kí wọ́n kó jáde. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Ìjọba ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, omi ló ni ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da yanrìn sí i, tí ilé olówó sì gorí rẹ̀. Ta ló lè fọkàn tán ẹni tó ṣe irú èyí? Àmọ́ ẹ ro ó dáadáa. Ká ní máàpù kan wà lójú táyé, tí òfin gbé dúró, tó sọ pé omi ló ni ibẹ̀, ibi tó rẹlẹ̀ fún tálákà ì bá rẹlẹ̀ fún olówó náà. Gómìnà kì bá lè pín in fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ìjọba fi rí ọ̀rọ̀ yẹn lò bí pańpẹ́ ni pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ti ń jáde.

Irú máàpù bẹ́ẹ̀ ni a kò ní. Òfin ètò ìlú wà, nọ́mbà 88 ti ọdún 1992, ṣùgbọ́n lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ti ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú. Àbújá nìkan ló kù sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìdájọ́ náà tọ́ lójú mi. Àmọ́ odò kì í mọ bodè. Odò Ògùn ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ìdídò Ọ̀yán ń tú omi sí i, Ìṣẹrì àti Kétu ni omi ń bò. Èkó kò lè dá ètò yìí ṣe, Ògùn kò lè dá a ṣe. Ìlànà orílẹ̀-èdè kan ló yẹ kó wà, kì í sì í ṣe àṣẹ láti Àbújá. Àdéhùn láàárín àwọn ìpínlẹ̀ ni: ibi tí odò ń kún dé, ilẹ̀ oko tí wọn kò gbọdọ̀ kọ́lé sí, igbó, ibi tí ìlú lè gbòòrò gbà. Kí wọ́n bi àwọn àgbẹ̀ àgbà àti àwọn obìnrin tó ń pọnmi nígbà tí wọ́n bá ń ya máàpù rẹ̀, torí àwọn ló mọ ibi tí omi dé lọ́dún tó kún jù. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. C of O tó bá lòdì sí máàpù náà, òfo. Rìsíìtì ẹbí tó bá lòdì sí i, òfo.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìfagilé máa gbà. Òfin 1978 wà nínú abala 315 ìwé òfin ọdún 1999. Kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án, ó di kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 sì gbà pẹ̀lú. Ààrẹ Yar'Adua gbé àtúnṣe kékeré lọ bá wọn lọ́dún 2009, ó tún fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó máa tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì ti kú, òfin náà wà níbẹ̀ gbọnin. Máàpù àti òfin tó máa gbé e dúró kò nílò èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́la, kí aládùúgbò rẹ̀ wá fọwọ́ sí àdéhùn odò.

Nítorí náà, bí olùdíje bá gorí pèpéle ní àdúgbò yín tó ní òun á fagi lé Òfin Ìlò Ilẹ̀, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló yẹ kó wà láàárín odò àdúgbò yìí àti ilé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, ta ló sì ń wọ̀n ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹni tó kàn wá sọ tirẹ̀.