Kí a tó dá gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́bi: irú pákó MDF wo ni a ní kó rà?

 

Ní CEG kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, àwa olùkọ́ àti àwọn òbí dáwó jọ láti ṣe pẹpẹ ìwé fún àwọn ọmọ. Pákó MDF ni gbẹ́nàgbẹ́nà lò. Ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó ń dán, inú gbogbo wa dùn. Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tán tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú bí gàrí tí a rẹ sómi. Pẹpẹ àárín tẹ̀ wálẹ̀ bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, orí ilẹ̀ ni ìwé àwọn ọmọ padà sí.

Gbogbo ẹnu ló dá gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́bi. Àwọn kan ní MDF kì í ṣe igi, ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó rò ó dáadáa, a rí i pé àwa gan-an la ní kó wá pákó tí owó rẹ̀ kéré jù. A kò sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí omi òjò ń gbà wọlé ni a máa gbé e sí. Èrò tiwa ni pé pákó náà kọ́ ló jẹ̀bi, bí kò ṣe bí a ṣe yàn án.

Kí ni MDF? Igi ni wọ́n lọ̀ títí ó fi di fọ́nrán, wọ́n pò ó mọ́ ohun àlẹ̀mọ́, wọ́n wá fi ooru àti ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pákó. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní médium. Kò ní kókó, kò sì ní ojú igi, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi ń jókòó lé e dáadáa. Fún ilẹ̀kùn armoire nínú yàrá gbígbẹ, ó dára púpọ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, etí rẹ̀ tí wọ́n gé ló sì máa ń mu omi jù. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ibi tí nǹkan náà máa dúró sí ni kí a kọ́kọ́ sọ. Bí ó bá jẹ́ ilé ìdáná, tàbí ilé tó wà létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, kí a béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní hydrofuge, tí àmì MDF.H máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ ewé sí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ lásán kì í ṣe ẹ̀rí, àmì ni kí a wò. Òun náà kò sì ṣe é gbé síta fún òjò. Ó kàn ń fara da ọ̀rinrin ju èyí tó kù lọ ni.

Lẹ́yìn náà, kí a wo bó ṣe nípọn tó. Mílímítà 18 ni ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò fún armoire. Ti mílímítà 3 tàbí 6, ẹ̀yìn armoire ló wà fún. Kí a wọ̀n ọ́n fúnra wa kí a tó sanwó. Odindi pákó kan tó gùn ní mítà 2,44, tó fẹ̀ ní mítà 1,22, tó sì nípọn ní mílímítà 18, ń sún mọ́ kílò 40. Bí méjì bá nípọn bákan náà, tí ọ̀kan wá fúyẹ́ jù, fọ́nrán rẹ̀ kò ki tó, kò sì ní di vis mú dáadáa. Bí pẹpẹ ìwé bá nípọn ní mílímítà 18, kí ohun tó gbé e ró má jìnnà sí ara wọn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ibi tí tiwa ti kùnà nìyẹn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kó kọ́kọ́ lu ihò kó tó yí vis wọlé, torí pé etí MDF máa ń là. Kó kun gbogbo etí, àní títí kan ìsàlẹ̀ tí ojú kò rí. Kó sì fi ẹsẹ̀ sí i, kí ó má bàa fara kan ilẹ̀. Ikán náà kò kọ MDF.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló ká wa lára jù, torí pé lára àwọn tí a kọ́ ni kíláàsì ni wọ́n. Ekuru MDF kúnná bí èlùbọ́, wọ́n sì ń fà á símú láti àárọ̀ títí di alẹ́. CIRC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Lyon, ti ka ekuru igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1995. Ní ọdún 2004, ó ka formaldéhyde náà mọ́ ọn, èyí tó sábà máa ń wà nínú ohun àlẹ̀mọ́ MDF. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ìbòmú fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì máa gé pákó níta. Àwa oníbàárà náà, kí a máa béèrè èyí tó ní àmì E1, tí formaldéhyde tó ń jáde lára rẹ̀ kéré.

Àwọn kan á ní kí a kúkú padà sí igi teck. Kò burú fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Ohun tó máa wà níta tàbí tó máa gba omi, teck ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n teck ń pẹ́ kó tó dàgbà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré fún àpò àwọn òbí. MDF tí a yàn dáadáa, tí a sì lò níbi tó yẹ, sàn ju teck tí a kò lè rà lọ.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà mìíràn tí a bá dáwó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún ilé wa, ẹ jẹ́ kí àwa àti gbẹ́nàgbẹ́nà jọ lọ sọ́jà, kí a sì béèrè kí a tó sanwó. Owó tí ìyá ọmọ fi àkàrà pa kò yẹ kó bá omi òjò lọ.