Oúnjẹ Ẹ̀bá Títì Tó Di Oúnjẹ Ọlọ́lá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yìí bá ọ̀ràn súṣì, oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì, mu gan-an.

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìlú Tokyo ṣì ń jẹ́ Edo, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń ta súṣì. Òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa yóò dúró níwájú àtẹ. Alásè yóò fọwọ́ mọ ìrẹsì tí a fi ọtí kíkan pò, yóò gbé ẹja lé e. Òṣìṣẹ́ yóò sì fọwọ́ gbé e sẹ́nu, yóò bá tirẹ̀ lọ.

Lónìí, owó gọbọi ni à ń san lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá alásè súṣì ní àdúgbò Ginza. Àlejò kì í pàṣẹ ohun tí yóò jẹ níbẹ̀. Omakase ni wọ́n ń pe ètò náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ alásè ni a fi gbogbo rẹ̀ lé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mọ ọ́n síwájú àlejò, kíá sì ni kí a jẹ ẹ́, kí ìrẹsì tó tutù. A kì í fi lọ́fínńdà olóòórùn líle para lọ síbẹ̀. Bí ó sì ti wù kí àlejò lọ́lá tó, kò sí àbùkù nínú kí ó fọwọ́ jẹ ẹ́, bíi ti òṣìṣẹ́ ayé àtijọ́. Èyí yẹ ní yíyìn: oúnjẹ náà gòkè, kò kọ ìwà tí a bí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwà kan ń fẹ́ sọnù. Ní ọdún 2007, ìwé Michelin fún ilé oúnjẹ Jiro Ono ní Ginza ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Ìjókòó mẹ́wàá péré ló wà níbẹ̀. Ní 2014, ibẹ̀ ni Shinzo Abe, olórí ìjọba Jàpáànì, mú Ààrẹ Obama lọ. Nígbà tó di 2019, Michelin yọ orúkọ ilé náà kúrò. Kì í ṣe pé oúnjẹ rẹ̀ bàjẹ́. Ará ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni kò lè gba àyè níbẹ̀ mọ́ ni.

Lóòótọ́, súṣì olówó pọ́ọ́kú ṣì pọ̀ nílẹ̀ Jàpáànì, ìjókòó mẹ́wàá kò sì lè gba gbogbo ayé. Kò sì lòdì kí oníṣẹ́ ọwọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ọ̀gá tó jogún iṣẹ́ láti ẹ̀bá títì lè ya ìjókòó kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún àlejò tí kò ní alágbàwí. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ni àṣà, ta ni yóò bá ọlọ́lá tọ́jú rẹ̀ lọ́la?