Patanmọ́ Ẹnu Ọ̀nà Wa

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewéko sì ti tún hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, èyí tí púpọ̀ nínú wa ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láìkà á sí. Patanmọ́ ni.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìtumọ̀ orúkọ náà: pa itan mọ́. Bí ọwọ́ bá kàn án, ewé rẹ̀ á pàdé wéréwéré, á tẹrí ba bí ọmọ tí a bá wí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí àwọn ìyá wa bá rí ọmọbìnrin tí kò bójú tó ìjókòó rẹ̀, orúkọ ewé yìí nìkan ni wọ́n ń pè, ọmọ á sì tún ara rẹ̀ ṣe. Kò sí ariwo, kò sí ẹgba.

Ọmọbìnrin wa ni ó jẹ́ kí a tún rántí rẹ̀. Kafanchan ni a bí i sí. Hausa dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó ń gbọ́ tí kì í sọ. Ẹ̀bi wa ni. Nígbà tí ó ń gbìyànjú rẹ̀, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí a mú un lọ sí Ìkìrun fún ọdún Kérésì ní 2022, ọmọ ọdún 9 ni. Ìyá wa kí i títí, ó ki oríkì rẹ̀. Ọmọ dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá yíjú sí wa, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta wá ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?” Ojú tì wá.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sí bèbè odò lẹ́yìn ilé. Wọ́n fi ọ̀pá kan patanmọ́, ewé pàdé. Ọmọ kígbe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà fi ìka kàn án. Ìyá ní, “Kí ni mo pè é?” Ó ní, “Patanmọ́, Màmá.” Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ká èso rẹ̀ tó ti gbẹ, wọ́n kó o sínú agolo, wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Bí a ti gbìn ín rè é. Èèpo èso rẹ̀ le, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi gbígbóná tí kò hó. Ẹ má rì í jìn. Ibi tí oòrùn ti ń pa ni kí ẹ gbé e sí, kí omi má sì dá ró sí ìdí rẹ̀. Inú ìkòkò tàbí garawa tí a lu nídìí ni ó dára jù, nítorí ó ní ẹ̀gún, ó sì ń ràn. Bí ó bá wọ oko, ẹjọ́ dé. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi í ṣeré tọ̀sán tọ̀sán. Omi tó kún oríkèé ewé ni ó ń sá kúrò ní apá kan tí ewé fi ń rọ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú 10 sí 20 kí ó tó là padà, bí ó bá sì pàdé, kì í rí oòrùn gbà dáadáa.

Ohun méjì tí a kà nípa rẹ̀ yà wá lẹ́nu. Èkíní, àlejò ni bíi tiwa: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù àti ti àárín ni orísun rẹ̀. Ó dé ilẹ̀ wa, ó gba orúkọ, kò sì gbàgbé ìṣe rẹ̀. Èkejì, ní 2014, Monica Gagliano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé pé àwọn jẹ́ kí ìkòkò patanmọ́ já wálẹ̀ nígbà púpọ̀, láti ibi tí kò ga ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ, sórí ohun tó rọ̀. Nígbà tí ewé rí i pé ìpalára kò sí níbẹ̀, kò pàdé mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, kò tíì gbàgbé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Ẹ má fi ọmọ tó ń ta kókó lórí Yorùbá ṣẹ̀sín. Bí ẹ̀sín kò bá sí, á là.

Ìyá wa ti sùn báyìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kí wa kú ará fẹ́ra kù. Níbi ìsìnkú náà, ọmọ wa dúró ní ẹsẹ̀ sàréè, ó ní, “Màmá, ó di ojú àlá.” Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Patanmọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ti so. Ẹni tó bá fẹ́ èso, kí ó mú ọmọ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A kò ní gba kọ́bọ̀. Kí ọmọ náà ṣáà fi Yorùbá tọrọ rẹ̀.