Ọmọdé Kò Jí Orin Àgbà Gbé

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn àgbà Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ fẹ́ràn láti máa fi kan àwọn ọmọ wọn. Bí wọ́n bá ti péjọ síbi ìnáwó, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọn a mirí, wọn a ní orin ti tán láyé. Wọn a ní ìlù tó dùn àti ọ̀rọ̀ tó lọ́gbọ́n ti bá ìgbà èwe àwọn lọ, àti pé àwọn ọmọ ìwòyí ló ba ogún jẹ́. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ń fi kàn gan-an ló yẹ kí wọ́n wá rojọ́.

Kì í ṣe pé irọ́ ni ìrántí wọn. Àwọn tí wọ́n bí láàárín 1950 sí 1960, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Dahomey, jẹ ayé èwe tó dùn. Wọ́n gbọ́ àlọ́ lábẹ́ òṣùpá, àlọ́ tí gbogbo agbo ń gbe orin rẹ̀. Ní Kétu, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà lóru Ẹ̀fẹ̀, tí oorun ń gbé wọn lọ, tí ohùn akọrin sì ń jí wọn padà. Nígbà tí wọ́n gbọ́njú, rédíò dé. Ohùn tó ń ti Nàìjíríà wá kò mọ ẹnubodè: àpàlà Haruna Ishola, sákárà Yusuf Olatunji àti jùjú I. K. Dairo wọ agbo ilé. Gìtá Franco dé láti Kóńgò. Ní Kútọnu, Poly-Rythmo po ìlù ilé pọ̀ mọ́ gìtá oníná, Gnonnas Pedro, ọmọ Lokossa, sì ń fi oríṣiríṣi èdè kọrin, Yorùbá wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ìrántí a máa fọ nǹkan mọ́ ju bí ó ti rí lọ. Àwọn àgbà wọ̀nyí ti gbàgbé pé ní nǹkan bíi 1970, àwọn gan-an ni ọmọ tó sọnù lójú bàbá wọn. Gìtá ni wọ́n ń sá tẹ̀ lé. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóde ijó. Àwọn bàbá wọn pe orin náà ní ariwo, wọ́n sì pe àwọn tó ń kọ ọ́ ní ọ̀lẹ. Ìbáwí kan náà tí wọ́n gbà nígbà náà ni wọ́n ń pín fún ọmọ lónìí.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà, òun sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Kí gìtá tó dé etí ọmọ ìgbà náà, Ẹ̀fẹ̀, àlọ́ àti oríkì ti débẹ̀ ṣáájú. Àwọn òbí tó ń bínú sí rédíò ti fi ogún sínú ọmọ kí rédíò tó wọlé. Nítorí náà, orin tuntun bá ti àtijọ́ nílé, méjèèjì sì jọ ń gbé. Ọmọ òde òní ní orin tuntun, ṣùgbọ́n ta ni ó fún un ní ti àtijọ́?

Níléèwé ìgbà Faransé, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní “signal”. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ lọ́rùn, òun náà a sì máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣi ẹnu sọ ọ́, kí ó lè gbé e fún un. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ọmọdé láti máa fi èdè ilé wọn ṣe ẹ̀sùn kan ara wọn. Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960. Àwọn ọmọ ọlọ́rùn-ún “signal” dàgbà, wọ́n di olùkọ́, wọ́n di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí àwọn náà bímọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi Faransé nìkan tọ́ ọmọ láàárín ilé, láìsí olùkọ́ kankan tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n so “signal” mọ́ ọmọ wọn lọ́rùn láìlo okùn.

Wọn yóò ní Faransé ló ń gbéni dé ipò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹnu ọmọdé kò gba ju èdè kan lọ? Ní Àjàṣẹ́, ó ti pẹ́ tí ẹnu kan ti ń sọ Gùn, Yorùbá àti Faransé, tí ìkan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn tí kò kọ́ ọmọ ti wá ń pariwo pé ilé ń di títà.

Ohun tó ń sọnù kì í ṣe adùn etí lásán. Ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀fẹ̀. Akọrin a júbà, a yin àwọn ìyá, a súre fún ìlú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi àwàdà na ẹni tó bá ṣèbàjẹ́, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ olóyè. Ilé ẹjọ́ ìlú ni. Ọmọ tí kò gbédè yóò rí igi gbígbẹ́ àti aṣọ aláràbarà, yóò ya fọ́tò, yóò sì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlù ààfin, tó ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ìlù bá ki ọmọ ọba ní oríkì bàbá ńlá rẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì, kí ló kù nínú oyè náà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì fọkàn tẹ ìwé ẹ̀rí. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ àkójọ ogún aráyé wọn ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun ìyìn ni, ṣùgbọ́n orúkọ lórí ìwé kò kọ́ ọmọ lórin. Àwọn àwo orin ìgbà èwe náà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní Jámánì, Analog Africa, ló ṣa àwọn àwo Poly-Rythmo àtijọ́ jọ, tó sì tún wọn gbé jáde láti 2008. Ohun tí àwọn onílé fi sílẹ̀ fún eruku, àlejò gbọn ọ́n, ó sì tà á.

Àwíjàre tó kù ni pé àwọn ọmọ kò fẹ́, pé fóònù ti gba ọkàn wọn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú fóònù náà. Orin Asake, tó kún fún Yorùbá tó sì ń rùn fún fújì, wà lẹ́nu àwọn ọmọ tí kò lè kí ìyá àgbà wọn dáadáa. Etí wọn kò tíì di. Bí ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú orin bẹ́ẹ̀, àǹfààní ńlá ni. Àgbà tó bá pòṣé dípò kí ó dáhùn ti tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro. Kí Yorùbá di èdè oúnjẹ alẹ́ nínú ilé. Kí fóònù tí wọ́n ń bú náà gba ohùn àwọn arúgbó tó ṣì mọ orin Ẹ̀fẹ̀ àti orin àlọ́, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìlú rẹ̀. Níbi ayẹyẹ ọba, kí wọ́n pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà tí onílù bá ń sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọdé jókòó níwájú, kí àgbà kan sì máa túmọ̀ fún wọn. Owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọdún kan tó láti san fún onílù tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà ṣì wà lọ́jà. Àwọn tó mọ orin náà ṣì wà láàyè ní Kétu àti Ṣábẹ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́, ọdún sì ń gorí ọdún. Ẹni tó bá ní orin ìgbà èwe òun dára jù, kí ó pe ọmọ kan jókòó lálẹ́ òní, kí ó sì kọ ọ́ fún un.